Jẹ́jẹ́ Wọ Ilé Ìwé Láti Inú Dígí

Onígbàjámọ̀ kan wà tí inú rẹ̀ kì í tètè gbàgbé ọ̀rọ̀. Bí ẹnìkan bá ṣẹ̀ ẹ́ lónìí, kò ní pariwo, kò ní jà. Yóò kàn dákẹ́ sí onítọ̀hún ni, ìdákẹ́ náà yóò sì di ọlọ́dún. Ìyàwó rẹ̀, tó ń fọ aṣọ ibùsùn nílé ìwòsàn, máa ń sọ pé bí wọ́n bá ń jẹ oyè nítorí odì yíyàn, ọkọ òun ni yóò máa jókòó níwájú.

Nínú gbogbo àwọn tó ń bá yodì, Wáyà ló sún mọ́ ọn jù. Wáyà ń tún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù tó fara ti tirẹ̀, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn. Ìyá rẹ̀ kọ́ ló sọ ọ́ ní Wáyà, ṣùgbọ́n kò sí ìgbà tí ẹ máa rí i tí kò ní fi wáyà kọ́ ọrùn. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń gbé pákó lé orí àga fún un kó tó lè ga dé ojú dígí ni onígbàjámọ̀ yìí ti ń gẹrun fún un. Kò sí ibi tí kò mọ̀ lórí Wáyà. Ó mọ ibi tó ti fi orí gbá igi nígbà èwe, ó mọ ibi tí irun ti ń yí po bí omi tó ń wọ ihò. Àfi ìgbà tó di ọjọ́ ìgbéyàwó, tí Wáyà lọ gẹrun lọ́dọ̀ ẹlòmíì.

Ẹlòmíì! Lọ́jọ́ tí wọ́n máa ya fọ́tò! Onígbàjámọ̀ ti pọ́n abẹ, ó ti fọ aṣọ funfun, ó ti ní kí àwọn oníbàárà òwúrọ̀ ọjọ́ náà padà wá lọ́la, ó jókòó, ó ń retí ọkọ ìyàwó. Nígbà tó máa rí i, inú mọ́tò ló ti rí i tó ń kọjá lọ, tí irun ẹ̀gbẹ́ òsì ga ju ti ọ̀tún lọ.

Wáyà bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní àwọn àna òun ló fa òun lọ́wọ́ lọ. Onígbàjámọ̀ ń gbálẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́. Èyí tó wá ń dà á láàmú jù ni pé Wáyà kò tún lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ kankan mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gẹrun nílé. Láràárọ̀, bí Wáyà bá ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ṣí àgádágodo, ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ á yọ síta, gbágungbàgun, bí oko tí ewúrẹ́ jẹ kù. Onígbàjámọ̀ á wò ó, ọwọ́ á sì máa yún un.

Ẹlòmíì tó tún ń bá yodì ni tíṣà kan. Nígbà tí onígbàjámọ̀ wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tíṣà yìí gbé e dúró lórí tábìlì nítorí pé kò lè ka ojú ìwé kan síta, ó sì ní kí gbogbo kíláàsì fi í rẹ́rìn-ín. Wọ́n rín in dáadáa. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ọmọ náà kò lọ sílé ìwé, kò sì lọ mọ́ títí di òní. Tíṣà náà ti fẹ̀yìn tì báyìí, ó ti ń tẹ̀pá, ó wá gẹrun ní ṣọ́ọ̀bù láìmọ ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Onígbàjámọ̀ ní kó máa lọ, kò sí iná. Gílóòbù sì ń tàn yòò lórí àwọn méjèèjì.

Ọmọ kan ṣoṣo ni onígbàjámọ̀ bí, obìnrin. Jẹ́jẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí bó ṣe ń rìn, bó ṣe ń sọ̀rọ̀, bó ṣe ń ti ilẹ̀kùn tí ẹ kò ní gbọ́. Nígbà tó fẹ́ wọ ilé ìwé girama, bàbá rẹ̀ ra bàtà dúdú fún un, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán an títí tó fi ń kọ mànà.

"Ìwọ lo máa bá mi ka èyí tó kù," ló sọ fún un.

Jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó fẹ́ bá a kà á tọkàntọkàn.

Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí inú fi bẹ̀rẹ̀ sí í run ún láràárọ̀. Bó bá ti wọ yunifọ́ọ̀mù báyìí, òógùn á bò ó. Oúnjẹ kò ní lọ. Bí wọ́n bá dé ibi tí ògiri ilé ìwé ti bẹ̀rẹ̀, á dúró, á bì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Nínú kíláàsì, bí wọ́n bá ní kó dìde kàwé, ohùn rẹ̀ kò ní jáde, á kàn dúró síbẹ̀, tí gbogbo ojú á máa wò ó. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Òkúta. Ìyá rẹ̀ gbé e lọ bá dókítà níbi iṣẹ́, nígbà tó sì padà dé, ó jókòó ti ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Jẹ́jẹ́, dókítà ní kì í ṣe inú ló ń ṣe ọmọ yìí."

"Kí ló wá ń ṣe é?"

"Ẹ̀rù ni."

"Ẹ̀rù kí ni? Wọ́n so kìnnìún mọ́ ilé ìwé ni?"

"Ẹ̀rù èèyàn. Ó ní àìsàn gidi ni, kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe àṣejù. Pé bí ojú bá ti pọ̀ lára rẹ̀, ṣe ni ara rẹ̀ á máa ṣe bí ẹni tí nǹkan fẹ́ pa. Wọ́n á máa tọ́jú rẹ̀, ó ní ká máa mú un wá. Ṣùgbọ́n ó ní bó ṣe ń rí báyìí, ìwé yẹn kò lè wọ orí rẹ̀ níbẹ̀. Ilé ìwé kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń ṣe ìdánwò kan náà…"

"Ìyá Jẹ́jẹ́, jọ̀ọ́."

"Ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi."

"Parí kí ni? Ilé ìwé tí kò ní ògiri, tí kò ní agogo! Ta ló máa rí i pé ó lọ? Wọ́n á ní ọmọ onígbàjámọ̀ ti sá nílé ìwé bíi bàbá rẹ̀."

Ìyàwó rẹ̀ wò ó láti òkè délẹ̀. "Ẹ̀hẹ́n," ló wí. "Ọ̀rọ̀ ti jáde."

Onígbàjámọ̀ kàn mọ̀ pé òun ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Ṣebí ọmọ kan náà ni, bó bá ti dé ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi? Lórí àpótí kékeré lẹ́yìn àga ló máa ń jókòó, á máa fọ kóòmù, á sì máa bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀ nínú dígí. Awakọ̀ kan wà tó máa ń parọ́ ọjọ́ orí. Lọ́jọ́ kan tó tún ń sọ pé ọmọdé ṣì ni òun, Jẹ́jẹ́ wò ó nínú dígí, ó ní:

"Ẹ̀yin bọ̀dá, funfun tó wà lẹ́yìn etí yín yẹn, ṣé ìyẹ̀fun ló ta sí yín lára ni?"

Ṣọ́ọ̀bù hó gèè. Awakọ̀ fẹ́ yí orí padà láti wo ẹni tó sọ ọ́, onígbàjámọ̀ gbá orí rẹ̀ mú, ó ní kó wo iwájú, bó ṣe máa ń ṣe fún gbogbo ẹni tó bá jókòó sórí àga náà. Ṣé ọmọ tó ń fi awakọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ yìí ló wá ń bẹ̀rù èèyàn? Kò gbà.

Nítorí náà, ó pinnu pé òun fúnra òun á máa mú un lọ. Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, wọ́n jọ ń lọ, ó ń sọ ìtàn àwọn orí burúkú tó ti gẹ̀ kó lè máa rẹ́rìn-ín. Jẹ́jẹ́ sì ń rẹ́rìn-ín, nítorí ó nífẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, kò fẹ́ kó rò pé iṣẹ́ rẹ̀ kò dára. Bí wọ́n bá dé ẹnu géètì, ẹ̀rín á tán. Ó ń wọlé ṣá. Ó ń bì, ó ń nu ẹnu, ó ń wọlé. Bàbá rẹ̀ á ní, "Ẹ ò rí i? Ó wọlé."

Àfi òwúrọ̀ kan tí Jẹ́jẹ́ kò lè wọlé. Àwọn ọmọ ń kọjá lọ́tùn-ún lósì, ẹnìkan ní, "Òkúta ti dé o." Jẹ́jẹ́ di ọwọ́ aṣọ bàbá rẹ̀ mú. Onígbàjámọ̀ mú ọrùn ọwọ́ rẹ̀ láti fi pẹ̀lẹ́ já a kúrò, ìgbà náà ló gbọ́ ọ lábẹ́ àtàǹpàkò rẹ̀: ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà ń gbọ̀n yẹẹ, bí kílípà ṣe máa ń gbọ̀n lọ́wọ́ bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án. Ọjọ́ gbogbo ló ń gbọ́ irú gbígbọ̀n yẹn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n irin nìyẹn, ọmọ rẹ̀ sì nìyí.

Tábìlì ọjọ́sí padà wá sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó rántí pé ẹnìkan kò sí níbẹ̀ tó lè ní kí òun sọ̀ kalẹ̀.

"Ó tó," ló wí. "Jẹ́ ká máa lọ sílé."

"Bàámi, ṣé ẹ ń bínú sí mi?"

"Sí ẹ kẹ̀? Ilé ìwé yìí ni mò ń bá yodì báyìí. Má wẹ̀yìn."

Nígbà tí wọ́n délé, ó bá ìyàwó rẹ̀ tó ń múra ibi iṣẹ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo àjà.

"Ilé ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó o sọ yẹn, ọ̀nà wo ni wọ́n ń gbà wọ ibẹ̀?"

Ìyàwó rẹ̀ kò yọ ọ́ lẹ́nu, kò sì rán an létí ohun tó ti sọ. Ó ṣàlàyé fún un. Wọ́n á kọ́kọ́ fẹ́ rí ọmọ náà lórí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n bá a sọ̀rọ̀, kí wọ́n gbọ́ bó ṣe ń kàwé, kí wọ́n lè mọ kíláàsì tó yẹ ẹ́. Ọjọ́ ìparí ìgbàwọlé ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ó sì gba kọ̀ǹpútà àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kò ní máa já.

"Níbo la ti máa rí ìyẹn?"

"Ẹ̀yin náà mọ ibi tó wà."

Ó mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yìn ògiri rẹ̀ ni. "Èmi kì í bá ẹni yẹn sọ̀rọ̀," ló wí.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ bá a sọ̀rọ̀? Ẹ gbẹ́nu yín dání. Èmi á lọ."

Ó lọ lóòótọ́, Wáyà kò sì jẹ́ kó parí ẹ̀bẹ̀ tó fi sọ pé òun gbọ́. Ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ kún fún òkú fóònù àti àwọn aláìnísùúrù tó ń retí fóònù wọn, Jẹ́jẹ́ kò lè jókòó síbẹ̀. Wọ́n pinnu pé ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ ni wọ́n ti máa ṣe é, níbi tó ti mọ́ ọn lára. Nígbà tí ọjọ́ pé, Wáyà lu ihò kékeré sára ògiri tó wà láàárín wọn, ó fa wáyà gba ibẹ̀, ó sì gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká wọlé. Onígbàjámọ̀ ti sé ilẹ̀kùn, kí oníbàárà má baà wọlé.

"Jẹ́jẹ́," ló wí, "sọ fún ẹni tó ń fa wáyà pé kó má tẹ kóòmù mi mọ́lẹ̀."

"Bọ̀dá Wáyà, bàámi ní kẹ́ ẹ má tẹ kóòmù."

"Jẹ́jẹ́, sọ fún ẹ̀gbọ́n pé mo ti rí i."

"Bàámi, wọ́n ní àwọn ti rí i."

"Sọ fún un pé kò jọ ẹni tó ń ríran. Ẹni tó bá ń ríran kò ní gbé irú ọrùn yẹn jáde nílé."

Jẹ́jẹ́ wo Wáyà. Wáyà fọwọ́ bo ẹ̀yìn ọrùn. "Má wulẹ̀ sọ ìyẹn," ló wí, "mo gbọ́ ọ."

Lórí báńkì tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó sí lẹ́bàá ògiri ẹ̀yìn ni wọ́n gbé kọ̀ǹpútà sí. Jẹ́jẹ́ jókòó sórí àpótí rẹ̀ níwájú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti lọ síbi iṣẹ́, wọn kò fún un láàyè. Kò pẹ́, ojú obìnrin kan yọ, ó wọ awò ojú, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Káàárọ̀ o, Jẹ́jẹ́. Ṣé ò ń gbọ́ mi?"

Jẹ́jẹ́ tẹrí ba. Ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀, ó tún padé.

"Ó ń gbọ́ yín," bàbá rẹ̀ dáhùn.

"Ẹ ṣeun, bàbá. Ohùn tirẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́."

Lójú ẹsẹ̀ ni onígbàjámọ̀ ti fi obìnrin náà kún àwọn tó máa bá yodì. Ṣùgbọ́n obìnrin náà kò le. Ó dúró. Ó béèrè ohun tó rọrùn, ó tún dúró. Ó ní kò sí kánjúkánjú. Gbogbo rẹ̀ kò tu irun kan lára Jẹ́jẹ́. Ojú ń wò ó láti inú kọ̀ǹpútà gan-an bí wọ́n ṣe ń wò ó nínú kíláàsì, òógùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ níwájú orí rẹ̀. Ó pẹ́ kí obìnrin náà tó mí kanlẹ̀.

"Bàbá, mi ò fẹ́ fi agbára mú un. Ṣùgbọ́n òní la máa ti ìgbàwọlé pa. Bí mi ò bá gbọ́ ọ lónìí, ó di ọdún tó ń bọ̀."

Ọdún tó ń bọ̀. Ẹnu géètì ni ọmọ náà máa lo ọdún kan sí nìyẹn.

Ọwọ́ onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ mọ ohun tí yóò ṣe. Ó ti nà mú aṣọ funfun kúrò lára ìṣó, ó ti ń gbọn ọ́n, kó tó mọ ìdí tó fi mú un. Nítorí pé bí ọmọ kékeré bá kọ́kọ́ wá gẹrun, tó ń ké nítorí kílípà, onígbàjámọ̀ kì í bá a jiyàn. Á da aṣọ bò ó, á yí àga rẹ̀ sí dígí, ọmọ náà á rí gbogbo ayé nínú dígí, bí ẹni ń wo fèrèsé, ara á rọ̀ ọ́. Ìgbà yẹn ni gbogbo ọ̀sán tí Jẹ́jẹ́ ti lò nínú ṣọ́ọ̀bù wá sí i lọ́kàn. Ọmọ yìí kò tíì bá oníbàárà kankan sọ̀rọ̀ lójúkojú rí. Inú dígí ló ti ń bá wọn sọ ọ́, òun bàbá rẹ̀ ló sì ń gbá orí wọn mú kí wọ́n má yí padà.

"Jẹ́jẹ́, dìde. Wá jókòó síbí."

Jẹ́jẹ́ wá sórí àga bí ẹni tó ń rìn lójú oorun. Bàbá rẹ̀ so aṣọ mọ́ ọn lọ́rùn, ó yí àga náà, ó kọ ẹ̀yìn ọmọ sí kọ̀ǹpútà, ó kọ ojú rẹ̀ sí dígí. Àga náà ti gbó, ìdè rẹ̀ ti já, bí èèyàn kò bá dì í mú, ṣe ló máa yí padà síbi tó ti wá. Nítorí náà, ó dì í mú. Ó wá wo dígí, ó rí ògiri. Báńkì ti rẹlẹ̀ jù. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ gbé kọ̀ǹpútà yẹn sókè, ọwọ́ tirẹ̀ kò sì kúrò lára àga.

Wáyà dúró lẹ́bàá ògiri. Jẹ́jẹ́ tó máa ń bá wọn jẹ́ iṣẹ́ kò lè sọ̀rọ̀. Ìyá Jẹ́jẹ́ kò sí nítòsí.

Onígbàjámọ̀ rò ó lẹ́ẹ̀kan, ó rántí mọ́tò ọjọ́ ìgbéyàwó, ó rántí ẹ̀gbẹ́ òsì tó ga ju ọ̀tún lọ.

"Wáyà," ló wí.

Wáyà wẹ̀yìn, bí ẹni pé Wáyà mìíràn wà níbẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n? Èmi?"

"Ìwọ náà ni. Gbé e sókè. Gbé e dé èjìká, kí ojú ìyáàfin yẹn bọ́ sínú dígí."

Wáyà gbé e.

"Áà," obìnrin inú kọ̀ǹpútà wí, "ẹ̀yìn orí ẹnìkan ni mò ń rí yìí." Ó sún mọ́ ọn. "Ó tì o, ojú rẹ̀ nìyí nínú dígí. Jẹ́jẹ́ di méjì."

Nínú dígí, Jẹ́jẹ́ gbójú sókè. Ó rí bàbá rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó rí Wáyà, ó rí obìnrin kan láàárín wọn bí oníbàárà tó ń dúró de àyè rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà," ló wí. Ohùn náà kéré, ṣùgbọ́n ó jáde.

"Káàárọ̀, ọmọ dáadáa. Ṣé wọ́n fẹ́ gẹrun rẹ ni?"

"Rárá, mà. Bàámi kàn da aṣọ bò mí ni. Bí nǹkan kò bá ti yé wọn, ohun tí wọ́n máa ń ṣe nìyẹn."

Wáyà bú sẹ́rìn-ín, kọ̀ǹpútà mì. "Dúró jẹ́ẹ́!" onígbàjámọ̀ jágbe mọ́ ọn, ìyẹn sì ni ìgbà kejì tó máa kọjú ọ̀rọ̀ sí i láti ọjọ́ ìgbéyàwó.

Obìnrin náà gbé ojú ìwé kan síwájú, ó ní kí Jẹ́jẹ́ kà á. Àyà onígbàjámọ̀ já. Ojú ìwé kan ni tirẹ̀ náà lọ́jọ́sí, àti pé nínú dígí, gbogbo lẹ́tà ló ti yí padà sódì. Ó ti fẹ́ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni Jẹ́jẹ́ ti ń ti inú dígí ka ìkìlọ̀ tó wà lára ògiri ẹ̀yìn, pé kí wọ́n má tutọ́ sílẹ̀, kí wọ́n má sì gbé ọmọ lé àga láìní pákó. Ó tẹjú mọ́ ọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á díẹ̀díẹ̀, ó ń ṣe àṣìṣe, ó ń tún un ṣe, ó ń lọ. Bàbá rẹ̀ ń gbọ́ ojú ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹnìkan kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó kà á tán, obìnrin náà béèrè ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe jù.

"Mo mọ ẹ̀yìn ọrùn èèyàn, mà," Jẹ́jẹ́ dáhùn. "Bí ẹnìkan bá ń bínú, ọrùn rẹ̀ máa ń le. Bàámi ń bá bọ̀dá tó gbé yín dání yẹn yodì nítorí irun, ṣùgbọ́n láràárọ̀ ni wọ́n máa ń wo ẹ̀yìn ọrùn bọ̀dá náà, wọ́n á sì máa mí kanlẹ̀. Mo rò pé àárò wọn ló ń sọ bàámi."

Onígbàjámọ̀ wo òrùlé, Wáyà wo ilẹ̀.

"Ó dáa," obìnrin náà wí, ẹ̀rín ti fẹ́ pa á. "A ti gbà ọ́ wọlé, Jẹ́jẹ́. Lọ́jọ́ Ajé, o lè jókòó bó bá ṣe wù ọ́."

Nígbà tí ojú rẹ̀ ti kúrò lórí kọ̀ǹpútà, Jẹ́jẹ́ bọ́ sílẹ̀ lórí àga tòun ti aṣọ funfun, ó fi orí gbá bàbá rẹ̀ láyà. Wáyà ń rọra ká wáyà rẹ̀ jọ, ó fẹ́ máa lọ.

"Jẹ́jẹ́," onígbàjámọ̀ wí, "sọ fún un pé kó jókòó."

"Ẹ sọ fún wọn fúnra yín, bàámi. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ti di akẹ́kọ̀ọ́."

Onígbàjámọ̀ wúkọ́. Ó tú aṣọ funfun náà kúrò lọ́rùn ọmọ, ó gbọn ọ́n.

"Jókòó."

Wáyà jókòó kíákíá, kí ọ̀rọ̀ má baà yí padà. Kílípà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Onígbàjámọ̀ fi ọwọ́ tẹ orí náà síwájú, orí tó ti mọ̀ láti ìgbà pákó.

"Ta ló fi orí rẹ ṣe báyìí?"

"Èmi náà ni, ẹ̀gbọ́n."

"Mo rí i. Mi ò tíì dárí jì ọ́ o. Ọrùn yìí ni mò ń bá ṣe, kì í ṣe ìwọ."

"Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n."

Lọ́jọ́ Ajé, Jẹ́jẹ́ wọ bàtà dúdú rẹ̀ tó ń dán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní hàn nínú kọ̀ǹpútà. Wáyà ti kan pákó kan mọ́ ògiri ẹ̀yìn, kí kọ̀ǹpútà lè máa ga dé inú dígí láìsí ẹni tó ń gbé e. Àwọn oníbàárà ń wá lọ́sàn-án báyìí, ilé ìwé ló ni òwúrọ̀. Bàbá rẹ̀ á jókòó sórí àpótí kékeré, á máa pọ́n abẹ tí kò kú, á máa fetí kọ́ ẹ̀kọ́.

Ó tó ìgbà díẹ̀ kó tó rí i pé àga náà kò kọjú sí dígí tán mọ́. Jẹ́jẹ́ tó ń fi ẹsẹ̀ dì í mú ti jẹ́ kó yí díẹ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ kan wo dígí, ó fi ẹ̀gbẹ́ kejì wo kọ̀ǹpútà. Onígbàjámọ̀ ti ra ìdè tuntun fún àga náà, ó wà nínú àpò rẹ̀. Ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀, kí àga lè máa yí lọ bó ṣe fẹ́.